Ẹṣin Tí Igbó Gbà: Ìtàn Kẹ̀kẹ́ ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ẹṣin kì í pẹ́ láyé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Kò sí ọba tí ó ṣòfin dè é. Igbó ló kọ̀ ọ́. Nínú igbó dúdú tí ó bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì odò Ọ̀ṣun, tí ó nà dé ẹsẹ̀ òkè Èkìtì, kòkòrò kan wà tí ó jọ eṣinṣin. Bí ó bá ti bu ẹṣin jẹ, àìsàn wọ ẹ̀jẹ̀ ẹran náà nìyẹn, yóò máa rù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú. Ìjòyè ńlá a máa ní ẹṣin fún iyì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ẹṣin jagun tàbí fi ṣòwò níbẹ̀ bí àwọn ará pápá ti ń ṣe. Ẹsẹ̀ ni Ìjẹ̀ṣà fi ń rìn, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ wọn pàápàá, ìtàn ìrìn ẹsẹ̀ ni. Nígbà tí ojú Odùduwà fọ́, tí Ifá sì ní omi òkun ni yóò là á, Ajíbógun ló gbà láti lọ. Ó rìn láti Ifẹ̀ dé etí òkun, ó bu omi náà, ó sì gbé e padà wálé nígbà tí àwọn ará ilé ti gbà pé ó ti kú sọ́nà. Ohun tí ó ṣe yìí ni a fi ń kí Ọwá Obòkun ti Iléṣà títí di òní. N kò mọ ìdílé ọba mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá tí àìkáàárẹ̀ jẹ́ ìpìlẹ̀ oyè wọn tó báyìí.

Òṣogbo ní tirẹ̀ jókòó sí ẹnu ààlà. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ tí ó kọjú sí àríwá, igi yóò máa fọ́nká lójú rẹ̀, pápá yóò sì máa ṣí sílẹ̀ lọ sí Ìkìrun, lọ sí Ọ̀fà, títí dé Ìlọrin. Bí ó bá kọjú sí ìlà-oòrùn, ní ìhà àdúgbò Igbona àti Òkè-Bàálẹ̀, igbó ló kàn, òkè ló tẹ̀lé e. Ààlà yìí ló dá ogun Òṣogbo, ní nǹkan bí ọdún 1840. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ti tẹ ìlú púpọ̀ ní pápá mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó dó ti Òṣogbo. Ataọ́ja, ọba Òṣogbo, ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, Balógun Odérìnlọ sì kó ogun wá. Àwọn Ìbàdàn kò dúró kojú ẹṣin ní gbangba lọ́sàn-án. Inú òkùnkùn ni wọ́n ti kọlù wọ́n, níbi tí ẹṣin kò ti lè sáré. Ìlọrin fọ́. Láti ọjọ́ náà, ìlú tí ó wà lẹ́nu igbó di òpin ọ̀nà fún ẹlẹ́ṣin.

Ogun tí ó gba gbogbo ìrántí àwọn ará Ìjẹ̀ṣà ni Kírìjì. Láti ọdún 1878 ni Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ti para pọ̀ dojú kọ Ìbàdàn, tí ìgbèríko wọn sì di ibùdó ogun láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Igbájọ. Ògèdèǹgbé Agbógungbórò ló ṣáájú wọn. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, síbẹ̀ ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká kúrò ní ibùdó, nígbà tí Gómìnà Carter gòkè wá láti Èkó. Nǹkan bí ọdún 15 ni odindi ìran kan fi wà lójú ogun yẹn. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀ wálé, oko ti di igbó, ọ̀nà ti dí, kò sì sí owó. Ohun tí ó kàn lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn kẹ̀kẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ti gidi, kí kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo tó tẹ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Ní nǹkan bí ọdún 1888, ní ìlú Belfast, ọkùnrin oníwòsàn ẹranko kan tí ń jẹ́ John Boyd Dunlop fi rọ́bà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ yí àgbá kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ká, kí ó má baà máa mì ín jìgìjìgì lórí òkúta. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì àti Amẹ́ríkà ti ń ya wèrè kẹ̀kẹ́. Gbogbo kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí fẹ́ táyà, gbogbo táyà fẹ́ rọ́bà, rọ́bà kò sì tíì sí ní oko ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ ní Éṣíà nígbà náà. Inú igbó ni wọ́n ti ń wá a: ní Brazil, ní Kóńgò níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀mí ènìyàn ṣòfò nítorí rẹ̀, àti ní tiwa.

Igi tí ó ní in nínú igbó wa ni ìrẹ́. Igi gíga ni, tí ara rẹ̀ dán, tí a bá sá a, omi funfun ni yóò máa ṣàn bí ọmú. Àwọn ènìyàn ti mọ ìrẹ́ tipẹ́ láìmọ̀ pé ó lówó lórí. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà láti Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí, ni wọ́n wá fi bí a ṣe ń dá ara igi náà han àwọn ará ibí ní nǹkan bí ọdún 1894. Àwọn ọmọ ogun Kírìjì tí kò ní iṣẹ́ gba ọ̀bẹ, wọ́n wọ igbó lọ. Ní ọdún 1895 nìkan, rọ́bà tí ó gba èbúté Èkó lọ sí òkè òkun ju ìwọ̀n mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ. Ní ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, díẹ̀ ni, kò tó ohun tí a ń sọ. Igbó Ìjẹ̀ṣà sì wà lára ibi tí ó ti ń wá.

Owó yẹn ló tún ilé kọ́ fún ọ̀pọ̀ ìdílé lẹ́yìn ogun. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò wọ̀ ọ́. Dípò kí wọ́n dá ara igi díẹ̀ kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ó sinmi, wọ́n dá a láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n dá a yí po, igi a sì gbẹ. Nígbà tí ọdún 1900 fi máa dé, ìrẹ́ ti kú káàkiri igbó, òwò náà sì wó lulẹ̀. Inú mi kì í dùn bí mo bá rántí èyí. Igbó wa ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ ní London àti Paris, ó ti di eruku ojú ọ̀nà wọn, kí ọmọ Iléṣà kankan tó mọ bí a ṣe ń jókòó lórí ohun tí wọ́n fi rọ́bà rẹ̀ ṣe.

Igbó tí kò bá ìrẹ́ lọ ni èyí tí ó ní olúwa mìíràn. Ìtàn Òṣogbo sọ pé nígbà tí Tìmẹ́hìn ọdẹ àti Láròóyè kó àwọn ènìyàn wọn wá láti Ìpólé nítorí ọ̀dá omi, igi kan tí wọ́n gé wó sínú odò, ó sì fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Ohùn kan ké láti inú omi. Àdéhùn tí wọ́n bá òrìṣà ṣe lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí wọ́n fi igbó etí odò náà sílẹ̀ fún un: a kì í gé igi níbẹ̀, a kì í dẹ̀gbẹ́, a kì í pẹja, a kì í dáko. Hẹ́kítà 75 ni ó kù lónìí. Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, àdéhùn yẹn ti ń tú: wọ́n ti ń gé igi, ojúbọ ti ń wó. Susanne Wenger, ọmọ Austria tí ó di olórìṣà, pẹ̀lú àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére bíi Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálí Àkàngbé, ló dúró gbọn-in láti dáàbò bo igbó náà. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì fi í sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Bí a bá fẹ́ mọ irú igbó tí àwọn tí ń dá ìrẹ́ wọ̀ ní 1895, ibẹ̀ ni kí á lọ wò.

Rélùwéè wọ Òṣogbo ní ọdún 1907. Fún ìgbà díẹ̀, òpin ojú irin ni ìlú náà jẹ́ kí ó tó tẹ̀síwájú sí Ìlọrin àti òkè Ọya, èyí ló sì sọ ọ́ di ọjà. John Holt, PZ, G. B. Ollivant àti àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó mìíràn ṣí sọ́ọ̀bù sí Òṣogbo. Kòkó ń lọ, aṣọ ń bọ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ń bọ̀, nínú àpótí pákó, ní ìtúpalẹ̀: férémù lọ́tọ̀, àgbá lọ́tọ̀, ṣéènì nínú gírísì. Raleigh láti Nottingham ni àwọn ènìyàn ń fẹ́ jù, èyí tí ó ní orí ẹyẹ níwájú. Hercules, BSA àti Humber náà wà. Irin wọn nípọn, wọ́n wúwo, wọn kì í sì í tètè tẹ̀.

Òyìnbó aláṣẹ, míṣọ́nnárì àti akọ̀wé ni a kọ́kọ́ rí lórí rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni tíṣà ilé ìwé ìjọ, tí ń gbé abúlé kan tí ó sì ń wàásù ní òmíràn. Lẹ́yìn tíṣà ni wolé-wolé, tí àwọn ìyá wa a máa gbọ́ àgogo rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n sì sáré lọ da omi tí ó ti pẹ́ nínú ìkòkò nù kí ó tó rí ìdin ẹ̀fọn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kọ́ ni wọ́n sọ kẹ̀kẹ́ di ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn Òṣómàáló ni.

Ta ni kò mọ Òṣómàáló ní ilẹ̀ Yorùbá ìgbà kan? Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ àwìn. Ó ra aṣọ ní sọ́ọ̀bù àwọn òyìnbó ní Òṣogbo tàbí Iléṣà, ó di í, ó gbé e lọ sí abúlé tí sọ́ọ̀bù kankan kò sí: Ìgbómìnà, Èkìtì, Àkókó, ìgbèríko Ọ̀yọ́, Kàbà, títí dé ilẹ̀ Núpé. Ó ta á fún àgbẹ̀ tí kò ní owó lọ́wọ́, ó kọ orúkọ àti iye sílẹ̀, ó sì lọ. Bí wọ́n bá kórè tán, ó padà dé. Àgbẹ̀ náà san díẹ̀. Ó tún padà ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Iye tí ó ń ta aṣọ ju ti ọjà lọ dáadáa, nítorí pé òun ló gbé ewu àwìn náà sọ́rùn. Bí onígbèsè bá fẹ́ sá fún un, Òṣómàáló yóò ṣó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè náà, kò ní í dìde. Láti nǹkan bí ọdún 1920 títí dé ọdún 1950 sí 1960, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gba iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà pọ̀ gan-an.

Ẹ wo ohun tí òwò yìí ń béèrè. Aṣọ kò wúwo bí kòkó, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn. Olówò kò lè jókòó sí ibi kan, nítorí onígbèsè rẹ̀ wà ní abúlé ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò lè wọ mọ́tò, nítorí mọ́tò kì í wọ ojú ọ̀nà oko, bó sì wọ̀ ọ́, kì í dúró dè é kí ó fi gba gbèsè. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe òwò náà ru ẹrù lórí bí Ajíbógun ti ru omi. Ìgbà tí wọ́n rí kẹ̀kẹ́ ni iṣẹ́ náà bá ara rẹ̀ mu. Ọkùnrin kan lórí Raleigh, tí ó fi rọ́bà túùbù àtijọ́ di aṣọ mọ́ káríà, lè ṣe ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ní ọjọ́ kan, kí ó sì gba ojú ọ̀nà tí kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ ènìyàn méjì lọ. Kẹ̀kẹ́ kì í jẹ koríko. Eṣinṣin igbó kò lè pa á. Ohun tí igbó kọ̀ fún ẹlẹ́ṣin Ìlọrin, ó gbà á fún ọmọ Iléṣà tí ń ta àǹkárá.

Èyí ni mo rí nínú ìtàn náà tí àwọn ìwé ogun àti ti ọba kò fi hàn mí. Ní ilẹ̀ pápá, ẹni tí ó bá ga ju àwọn ènìyàn lọ lójú ọ̀nà, olóyè ni tàbí ọmọ olóyè. Ẹṣin ló gùn. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹni tí ó wá wọ́pọ̀ jù tí ó jókòó sókè tí ó sì ń kọjá lọ lára ẹlẹ́sẹ̀, ọmọ tálákà tí ó fi owó kòkó bàbá rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ ni. Kò ní baba ìsàlẹ̀, kò ní ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí ó bá fẹ́ ya fọ́tò, ó dúró ti kẹ̀kẹ́ náà, ó gbé ọwọ́ lé ìjókòó rẹ̀. Àwọn fọ́tò bẹ́ẹ̀ ṣì wà lára ògiri ilé púpọ̀ ní Iléṣà, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà àti Ẹ̀sà-Òkè. Ìgbìmọ̀ ìlú náà mọ bí kẹ̀kẹ́ ti níye lórí tó, wọ́n gba owó láísẹ́ǹsì lórí rẹ̀ lọ́dọọdún.

Lábẹ́ kẹ̀kẹ́ ni iṣẹ́ mìíràn ti hù. Gbogbo oríta ní ọkùnrin kan lábẹ́ igi, tí ó ní páńpù, ọpọ́n omi, sàǹdípépà àti sọlúṣọ̀n. Yóò fẹ́ túùbù, yóò rì í bọ omi, yóò sì máa wo ibi tí omi ti ń hó kí ó tó lẹ̀ ẹ́. Òun náà ló mọ bí a ṣe ń to sìpóòkù kí àgbá má ṣe yí gbàgọ̀gbàgọ̀, èyí tí ó gba sùúrù ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí bí a bá fún ọ̀kan mọ́ra, ó ń kan àwọn yòókù. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n di mẹkáníìkì mọ́tò lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti kọ́ bí irin ṣe ń bá irin sọ̀rọ̀. Lórí kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ ti ń gbé àpò kòkó kan, tí ó lé ní ọgọ́ta kìlógíráàmù, láti abà wá sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń wọ̀n ọ́n. Kò lè gùn ún bí ẹrù bá ti wà níbẹ̀. Ó ń tì í ni, ó di apá mú ní ọwọ́ òsì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti àpò náà.

Àwọn obìnrin kò jẹ àǹfààní kẹ̀kẹ́ bí ó ti yẹ. Àwọn ló ń na ọjà jù, àwọn ló ń rìn jù, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n, lórí káríà, ni ọ̀pọ̀ wọn ti mọ kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní kò yẹ obìnrin. Owó ńlá ni ìlú pàdánù nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, àárẹ̀ ńlá sì ni ó fi sí ọrùn àwọn ìyá wa.

Òpin rẹ̀ kò pẹ́. Owó epo rọ̀bì dé, owó Udoji, àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́, tẹ̀lé e ní ọdún 1974 sí 1975, àwọn òṣìṣẹ́ sì fi àjẹsílẹ̀ owó oṣù wọn ra alùpùpù. Bọ́ọ̀sì àti danfo gba ojú títì. Òwò Òṣómàáló ti ń rọ ṣáájú ìgbà náà, nítorí sọ́ọ̀bù ti dé abúlé, ọmọ wọn sì ti lọ sí yunifásítì. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni ọ̀kadà ti gba gbogbo rẹ̀ tán. Kẹ̀kẹ́ di ohun ìṣeré ọmọdé, ó sì di àmì òṣì lójú àwọn kan. Èyí dùn mí ju ohun gbogbo lọ nínú ìtàn náà, pé ohun tí ó kọ́ ilé alájà tí ó sì rán ọmọ lọ sí ilé ìwé, a wá ń tijú rẹ̀.

Níbòmíràn ní Áfíríkà, wọn kò tijú rẹ̀. Burkina Faso ti ń ṣe ìdíje Tour du Faso láti ọdún 1987. Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, gba ìpele mẹ́ta àti ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ní Tour de France ọdún 2024, adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jáwé olúborí nínú ìpele kankan níbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Kigali ní Rwanda gba ìdíje àgbáyé ti kẹ̀kẹ́ ojú títì lálejò, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ní tiwa ní Nàìjíríà, obìnrin ni ó gbé orúkọ wa dé Òlíńpíìkì Paris ní 2024: Ese Ukpeseraye. Ó gun kẹ̀kẹ́ ojú títì. Nígbà tí wọ́n sì tún fún un láyè nínú ìdíje inú pápá ìṣeré, kò ní irú kẹ̀kẹ́ tí ó yẹ, ẹgbẹ́ Jámánì ló yá a ní tiwọn.

Mo gbà pé ilẹ̀ tí ó dára jù láti tún bẹ̀rẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn wà níhìn-ín. Ẹni tí ó bá kúrò ní Igbona ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí ó gba Òkè-Bàálẹ̀ kọjá lọ sí ìlà-oòrùn, ilẹ̀ yóò kọ́kọ́ tẹ́ sí i, pẹ̀lú ọ̀pẹ, igi kòkó àti abà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí ó bá ń sún mọ́ Ìbòkun, ọ̀nà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò, ẹsẹ̀ yóò sì mọ̀ ọ́n kí ojú tó mọ̀ ọ́n. Láti Ìbòkun lọ sí Ẹ̀sà-Òkè, òkè ti wà níwájú kedere. Àwọn odò tí ọ̀nà náà gbà kọjá ń lọ bọ́ sínú Ọ̀ṣun, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì wò ó dáadáa yóò rí i pé omi ilẹ̀ yìí kò mọ́ mọ́ bí ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ń wa wúrà láìgbàṣẹ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló sọ Ọ̀ṣun di omi pípọ́n. Ní 2022, ìkìlọ̀ jáde pé kí àwọn tí ń bọ̀ wá sí ọdún Ọ̀ṣun má mu ún. Bí wọ́n ti ṣe ìrẹ́ ní 1895 náà nìyí, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí, ẹrẹ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ lókè ń ṣàn wọ inú igbó tí a ti dáàbò bò nísàlẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti àwọn ọba tí ọ̀nà náà gba ilẹ̀ wọn ni pé kí wọ́n dá ìdíje kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo, kí ó gba Ìbòkun àti Ẹ̀sà-Òkè, kí ó parí ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú tí Èkìtìparapọ̀, ọmọ ogun Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì nígbà Kírìjì, dó sí. Kí wọ́n ṣe ti obìnrin ní ọjọ́ kan náà, kí owó ẹ̀bùn sì dọ́gba. Kí wọ́n sì pe àwọn Òṣómàáló tí ó kù láyé, tí ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, kí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn kábíyèsí níbi ìparí rẹ̀, kí ẹnì kan sì máa gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá ń dárúkọ àwọn abúlé tí wọ́n ti gba gbèsè.